Bí Mo Ṣe Lọ Bẹ Àwọn Ẹyẹ Nínú Igbó Ìsádi

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu arúgbó ọdẹ. Ọyẹ́ ń fẹ́ láàárọ̀ yìí, ẹni tí òtútù bá mú kó fà mọ́ iná. Ẹni tó bá sì mọ̀ pé ọkàn òun kò gba ìbànújẹ́ lónìí, kó dìde kó máa lọ, mi ò ní bínú sí i, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí à ń pàtẹ́wọ́ sí. Èmi ni Ọdẹ́rìndé ọmọ Ọdẹ́sọlá, olórí ọdẹ Orílé-Ọdẹ nígbà kan rí. Nígbà tí ojú mi ṣì ríran, bí àparò bá fò, mo lè na ìka sí ibi tí yóò bọ́ sí kí n tó fa ìbọn. Mo ti fi ọwọ́ lásán di ẹsẹ̀ ìmàdò mú lẹ́nu ihò, mo sì wọ́ ọ jáde bí ẹni wọ́ ọmọ aláìgbọràn. Àwọn ìjímèrè mọ ikọ́ mi. Bí mo bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo orí igi a dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu díẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ, ìfọ́nnu kò sí níbẹ̀.

Igbó kan wà lẹ́yìn ìlú wa láyé àtijọ́. Ẹ̀yin kò bá a, àwọn òbí yín ló bá a. Ìyeyè wà níbẹ̀, òro wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀tọ́, agbalùmọ̀ àti àwọn àràbà tí ènìyàn mẹ́jọ kò lè fọwọ́ gbá mọ́ra. Bí ènìyàn bá jí láàárọ̀, ariwo agbe àti òròfó kò ní jẹ́ kó gbọ́ ìkíni aládùúgbò rẹ̀. Ní ọdún kan, àwọn àlejò kan wá láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n ní àwọn fẹ́ gé igbó náà kí àwọn gbin igi tíìkì síbẹ̀, nítorí ó ń ga, ó ń tọ́, kòkòrò kì í sì í jẹ ẹ́. Ọba pe gbogbo ìlú jọ, ó sì bi èmi, torí èmi ni mo mọ igbó jù. Mo ní kí wọ́n gé e. Ọ̀nà tó mọ́ tónítóní láàárín igi tó tò ni mo ń wò lọ́kàn mi, bí ìbọn mi yóò ṣe máa ríran jìnnà.

Ẹnì kan ṣoṣo ló dìde. Bàbá Làníhùn ni, àgbà ọdẹ tó kọ́ mi níṣẹ́, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ so àpò ọdẹ àkọ́kọ́ mọ́ mi léjìká. Ó ní, "Rìndé, igi tí ẹ fẹ́ gbìn yìí, kí ni ẹyẹ yóò jẹ lórí rẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá, Ọlọ́run fún ẹyẹ ní ìyẹ́. Bí kò bá rí oúnjẹ níhìn-ín, ṣebí yóò fò lọ síbòmíràn."

Gbogbo ìlú rẹ́rìn-ín pẹ̀lú mi. Bàbá Làníhùn kò rẹ́rìn-ín. Ó mi orí, ó ní, "Òótọ́ lo sọ. Yóò fò lọ." Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ilé rẹ̀ ti wà ní títì, ó ti gbé àpò rẹ̀ kọ́, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó gbà. Èmi ni mo ṣíwájú àwọn agégi wọ igbó náà lọ́sẹ̀ yẹn. Èmi ni mo ń fi àdá sàmì sí igi tí wọn yóò gé. Ẹ wo ọwọ́ yìí dáadáa. Òun ni.

Tíìkì dàgbà, ó sì tò bí ọlọ́pàá tó ń dúró de ọ̀gá rẹ̀. Ewé rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ, bó bá sì wọ́wé, koríko kan kì í jáde lábẹ́ rẹ̀. Mo wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn mi, mo rìn láti àárọ̀ títí oòrùn fi kanrí, mi ò gbọ́ ju ẹsẹ̀ ara mi lọ. Oyin kó ẹrù wọn. Ìtànná egúsí àti ti elégédé ń là, wọ́n ń rẹ̀ dànù láìso. Lẹ́yìn èyí ni kòkòrò dé bá àgbàdo wa, nítorí kò sí ẹyẹ tí yóò ṣà wọ́n jẹ. Eéṣú tẹ̀ lé kòkòrò. Ọdún mẹ́ta la fi gbìn tí a kò kórè nǹkan kan tó tó fọwọ́ pa lẹ́nu. Ìdílé mọ́kànlá di ẹrù, wọ́n fi ìlú sílẹ̀. Àyọ̀ká ìyàwó mi bímọ obìnrin kan ní ọdún kẹta yẹn, ọmú rẹ̀ kò sì mú wàrà wá tó. Mi ò ní sọ púpọ̀ níbẹ̀. Ọmọ náà kò tó oṣù mẹ́rin tó fi lọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí a sin ín ni ọba ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Rìndé, ìwọ lo sọ pé wọn yóò fò lọ síbòmíràn. Ibòmíràn náà, o mọ̀ ọ́n. Lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà wá."

Mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Igbó Ìsádi ni. Kò sí ọdẹ tó ń lọ síbẹ̀, torí àwọn tó lọ kò rántí ọ̀nà ilé mọ́. Mi ò ní fi ìrìn ọjọ́ mẹ́sàn-án dá yín lágara; ẹsẹ̀ ni ẹsẹ̀, ebi ni ebi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo débẹ̀ ni kí ẹ gbọ́.

Mi ò tíì wọnú igbó náà tó ìwọ̀n igba ẹsẹ̀ bàtà tí ẹranko ti mọ̀ mí. Edun kan wò mí láti òkè, ó pariwo, ariwo náà sì lọ láti orí igi dé orí igi bí ẹni ń dárúkọ olè. Kí n tó mọ ohun tó kàn, ẹfọ̀n kan já jáde láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mi, ojú rẹ̀ pọ́n, ọ̀kan nínú ìwo rẹ̀ ti kán. Mo rántí ìwo yẹn. Ọta mi ló kán an lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Ẹ̀yin ará, ọdẹ kì í sọ̀rọ̀ nípa ìgbà tó sá, ṣùgbọ́n mo sá. Ìbọn bọ́ lọ́wọ́ mi, ìwo ya ṣòkòtò mi láti ìbàdí dé orókún, mo sì fò mọ́ igi àkọ́kọ́ tó wà níwájú mi, mo gùn ún bí ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹfọ̀n náà dúró sábẹ́ igi. Kò lọ. Oòrùn kanrí, oòrùn yẹ̀, kò lọ. Nígbà tí ebi fẹ́ gbé mi ṣubú, mo nawọ́ sókè, èso ni mo bá. Mo jẹ, ó kan, ó dùn. Ìyeyè ni igi tó gbà mí là. Mo rántí pé mẹ́tàlélógún irú rẹ̀ ni mo fi àdá sàmì sí nílé. Orí igi níbẹ̀ ni ojú ti kọ́kọ́ tì mí.

Níbi tí mo wà ni mo ti gbọ́ ohùn kan tó rọra ń sọ pé, "Kánwo, fi í sílẹ̀. Mo fẹ́ bi í léèrè." Ẹfọ̀n náà pa ìrù mọ́ra, ó kọjá lọ. Ẹni tó sọ̀rọ̀ ga tó ènìyàn méjì. Etí rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò, ara rẹ̀ dà bí èèpo igi, ìtẹ́ ẹ̀gà sì so mọ́ orí rẹ̀, mọ́ èjìká rẹ̀, mọ́ apá rẹ̀ méjèèjì, tó bẹ́ẹ̀ tí kì í mi orí bó bá ń sọ̀rọ̀, kí ẹyin má baà bọ́. Arùtẹ́ ni orúkọ rẹ̀, òun ló ń ṣọ́ igbó náà. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ fún un.

Ó ní, "Bí o bá dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀mẹta, wàá wọlé. Bí o kò bá lè dáhùn, Kánwo kò tíì lọ jìnnà. Ta ni ń bọ́ ọgọ́rùn-ún àlejò tí kò ní ìkòkò kan?"

Mo ní, "Igi tó so ni."

Ó ní, "Ta ni aṣọ rẹ̀ ń ya lójoojúmọ́ tí inú rẹ̀ ń dùn?"

Mo ronú, mo ní, "Ẹ̀gún inú pápá ni. Bí ẹranko bá ti ń ya á kọjá, ni ó mọ̀ pé òun rí àlejò."

Ó ní, "O gbìyànjú, mo gba ìyẹn. Ta ló kú tán, tí ilé rẹ̀ ṣì kún fún ọmọ ọlọ́mọ?"

Ẹ wá wo bí ọgbọ́n ọdẹ ṣe ń tán. Mo wò sókè, mo wò sílẹ̀. Mo ní, "Olówó ni."

Arùtẹ́ ní, "Olówó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ jà, ilé tú. Kì í ṣe olówó." Mo sì gbọ́ pátákò Kánwo tó ń padà bọ̀ nínú ewé.

Ohùn kan sọ lẹ́yìn mi pé, "Igi gbígbẹ ni. Àgbìgbò ń pamọ sínú ihò rẹ̀, oyin ń kọ́lé sí i, ọ̀kẹ́rẹ́ ń sá òjò sínú rẹ̀. Mo kọ́ ọ, ó gbàgbé ni. Ẹ dárí jì í nítorí tèmi."

Mo yíjú. Bàbá Làníhùn ni. Ó ti rù, irun rẹ̀ funfun dé ojú, ẹsẹ̀ kan rẹ̀ sì ti kú dé orókún, ọ̀pá ló fi ń rìn. Mo dojú bolẹ̀ níwájú rẹ̀, omijé kò jẹ́ kí n lè kí i. Kò fà mí dìde. Ó ní, "Rìndé, kí lo wá ṣe?"

"Bàbá, mo wá bẹ àwọn ẹyẹ ni. Ìlú ti bàjẹ́. Ebi ń pa wá. Ọmọ mi ti lọ."

Lẹ́yìn náà ló wá na ọwọ́ sí mi. Ó ní, "Ẹyẹ kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ọmọ mi. Oúnjẹ ló ń gbọ́."

Ó mú mi rin igbó náà. Ó dúró lábẹ́ ọ̀pọ̀tọ́ kan tí òròfó kún orí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀ka ń tẹ̀, ó ní, "Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí gbogbo igi yòókù bá káwọ́ gbera, èyí ló ń bọ́ wọn. Bí o bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ, má gbàgbé èyí." Nígbà tí a dé ìdí igi ìpín kan, mo rí i pé kòkòrò ti jẹ ewé rẹ̀ di ajere. Mo ní, "Bàbá, èyí ti bàjẹ́." Ó ní, "Kò bàjẹ́. Kòkòrò jẹ ewé, ẹyẹ mú kòkòrò, ó fi bọ́ ọmọ rẹ̀ tí kò tíì lè jẹ èso. Ewé tíìkì yín kò ní ihò kan, ẹ̀yin sì rò pé ìlera nìyẹn. Igi tí ohunkóhun kò bá jẹ lára rẹ̀, àlejò ni." Ó fi ibi tí ẹ̀gún ti dì pọ̀ hàn mí, níbi tí àparò ti ń yé, tí ọ̀yà ń sá sí bí àṣá bá ń rá bàbà. Ó ní, "Irú èyí lẹ máa ń sán kúrò kí ojú ọ̀nà lè mọ́." Mi ò lè gbójú sókè. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń ṣa kóró, ó ń dì wọ́n sínú ewé: ìyeyè, òro, agbalùmọ̀, àràbà, ìpín, ọ̀pọ̀tọ́. Ó dì wọ́n fún mi bí ìyá ṣe ń di oúnjẹ fún ọmọ tó ń lọ sí ìrìn àjò.

Nígbà tí a padà dé ọ̀dọ̀ Arùtẹ́, ó wo ẹrù tó wà léjìká mi. Ó ní, "A kì í gbé oúnjẹ jáde nílé yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Ojú tí o fi ń sàmì sí igi fún agégi ni mo fẹ́."

Mo ní, "Ọdẹ ni mí. Bí ojú mi bá lọ, kí ló kù?"

Ó ní, "Mi ò ní gbà á lẹ́ẹ̀kan. Bí irúgbìn kọ̀ọ̀kan bá ṣe ń hù, ni ìmọ́lẹ̀ rẹ yóò máa dín. Bí o kò bá gbìn ín, ojú rẹ yóò wà fún ọ títí o fi kú. Ọwọ́ rẹ ló wà."

Mo wo Bàbá Làníhùn. Mo rántí bí ọmọ mi ṣe fúyẹ́ lọ́wọ́ mi nígbà tí mo gbé e lọ síbi tí a sin ín sí. Mo ní, "Mo gbà." Lẹ́yìn náà ni mo bẹ bàbá pé, "Ẹ jẹ́ ká jọ lọ sílé." Ó bi mí pé, "Ilé wo, Rìndé?" Ibẹ̀ ni mo fi í sílẹ̀ sí, ó fara ti ọ̀pá rẹ̀, òròfó sì ń jẹ èso lókè orí rẹ̀. Mi ò tún gbúròó rẹ̀ mọ́.

Mo délé. Ọba wo ẹrù mi, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní, "A rán ọ ní ẹyẹ, o ru kóró wá. Ọdún mélòó ni èyí yóò fi so?" Mo ní, "Ọ̀pọ̀tọ́ lè tó ọdún méje. Òro á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àràbà, ọmọ ọmọ wa ni." Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, irú ẹ̀rín tí èmi náà rín sí bàbá lọ́jọ́ kìíní. Síbẹ̀ ọba fún mi ní ilẹ̀ kan lẹ́bàá odò. Èmi àti Àyọ̀ká la gbìn ín. A ń pọn omi, a ń fi ẹ̀gún sọgbà kí ewúrẹ́ má baà jẹ ẹ́, a kò gbìn wọ́n ní ìlà, a jẹ́ kí wọ́n dì mọ́ra bí mo ṣe rí i níbẹ̀. Bí ọ̀kan bá hù, inú mi a dùn, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì a sì ṣú díẹ̀ sí i. Mi ò sọ fún Àyọ̀ká, títí di ọjọ́ tí mo da omi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá, tí mo rò pé inú rẹ̀ ni mò ń dà á sí. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Kí ló ń ṣe ọ́, ọkọ mi?" Mo jẹ́wọ́ fún un. Ó sunkún, ó ní, "Ṣé ká dáwọ́ dúró ni?" Mo ní, "Èyí tó kù kò pọ̀ mọ́." Òun fúnra rẹ̀ ló gbé kóró ọ̀pọ̀tọ́ tó kẹ́yìn, ó gbìn ín sẹ́yìn ilé wa níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn sí.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kẹrin, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń wá òkété nínú pápá. Wọ́n tinábọ koríko. Ebi ń pa wọ́n, mi ò lè bú wọn. Afẹ́fẹ́ gbé iná náà lọ sẹ́bàá odò. A sáré débẹ̀ pẹ̀lú ewé tútù àti omi, ṣùgbọ́n àwa méjì péré ni, àwọn yòókù dúró, wọ́n ń wò ó. Ìyeyè tó ti ga jù mí lọ jó. Òro jó. Àwọn ìpín tí kòkòrò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá rìn jó pẹ̀lú kòkòrò wọn. Ojú mi kò rí ènìyàn mọ́ nígbà náà, pupa iná yẹn nìkan ló rí, kò sì tún rí ohunkóhun mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí mo rí kẹ́yìn láyé nìyẹn. Mo bi Àyọ̀ká pé mélòó ló kù. Ó ní, "Ti ẹ̀yìnkùlé." Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn olówó tíìkì wá, wọ́n gé tíìkì wọn, wọ́n kó o lọ, ilẹ̀ sì wà lásán bí àtẹ́lẹwọ́.

Ọ̀pọ̀tọ́ ẹ̀yìnkùlé wa so. Ẹ̀yin náà ti rí i bí ẹ ṣe ń wọlé. Lọ́jọ́ tí Àyọ̀ká kọ́kọ́ rí èso lórí rẹ̀, ó fà mí síbẹ̀, ó fi ọwọ́ mi kàn án. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ló wọlé wá bá mi láàárọ̀, ó ní, "Rìndé, wọ́n ti dé. Òròfó méjì ni, agbe kan sì wà pẹ̀lú wọn." Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo dẹ etí. Mo ní, "Mi ò gbọ́ wọn." Ó ní, "Ẹnu tó ń jẹun, ṣé ó máa ń kọrin ni?" Láti ọjọ́ náà, ọdún keje nìyí, àárọ̀ kan kò kọjá kó má sọ fún mi. Òní wọ́n jẹ́ mẹ́ta, àná wọ́n jẹ́ márùn-ún, ọ̀kan gbé koríko sẹ́nu, ó jọ pé ó fẹ́ kọ́lé.

Àyọ̀ká ti lọ sódò, kò ní pẹ́ dé, ìdí nìyí tí mo fi ń yára sọ èyí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tó lọ sọ́jà, mo fi ọwọ́ tọ ògiri títí mo fi dé ìdí igi náà. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ wá ilẹ̀. Èso ni mo bá, èyí tó rọ̀ lórí èyí tó ti rà, èyí tó rà lórí èyí tó ti gbẹ, ó ga dé ọrùn ọwọ́ mi. Mo mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi ìka yí wọn ká. Ọdẹ ni mí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìka mi mọ ojú ẹnu òròfó, ó mọ eyín ọ̀kẹ́rẹ́, ó mọ ibi tí àdán ti fa omi èso mu. Mo ṣà wọ́n títí oòrùn fi gbóná lẹ́yìn mi. Kò sí ọ̀kan tí wọ́n fẹnu kàn.

Ẹ má sọ fún un pé mo débẹ̀. Nígbà tó ti ọjà dé, ó bá mi níbi tí mo jókòó sí, ó ní, "Wọ́n pọ̀ lónìí, mẹ́sàn-án ni mo kà bí mo ṣe ń wọlé." Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀, bóyá ẹrù orí rẹ̀ ló wúwo. Mo fi ọwọ́ wá ọwọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ó dára, Àyọ̀ká. Má lé wọn. Jẹ́ kí wọ́n jẹ yó."